Ìdérí Ìkòkò Signora Gallo

Ìbọn ni Signora Gallo sọ pé òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá arúgbó náà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Turin, tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ti ṣẹ́ nígbà tó ṣubú láti orí àga. Àwọn ọlọ́pàá tú yàrá ìgbàlejò rẹ̀ palẹ̀. Wọn ò rí ọta. Wọn ò rí ihò lára ògiri. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni àfọ́kù gíláàsì tó fọ́n dé abẹ́ àga, tó fọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tó sì há sára aṣọ fèrèsé. Ìkòkò gíláàsì ńlá tí ìdílé Gallo jogún, tó ti ń jókòó sójú oòrùn nídìí fèrèsé yẹn kí wọ́n tó bí màmá fúnra rẹ̀, ti di wẹ́wẹ́. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan dúró lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìkòkò náà wà tẹ́lẹ̀.

Bùsáyọ̀ Ọmọ́túndé ló ń lo áyọ́ọ̀nù yẹn. Òun ni olùtọ́jú tó ń gbé pẹ̀lú màmá, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń se oúnjẹ fún un. Nígbà tí ọta ìbọn wọ́n bí ojú, àwọn ọlọ́pàá yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n ní ìyá arúgbó ń ṣèrànrán, pé Bùsáyọ̀ ló bínú, tó gbé áyọ́ọ̀nù, tó fi fọ́ ìkòkò náà mọ́ ìyá arúgbó lójú. Wọ́n tì í mọ́lé. Oṣù keje ọdún 1996 nìyẹn, ooru sì mú ní Turin débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà.

Avvocato Bosio, lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà, ránṣẹ́ pe Ẹ̀rínọlá Adémilúyì. Ẹ̀rínọlá ti ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Ìbàdàn kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Ítálì. Ní Ìbàdàn, bí ó bá wọ yàrá, afurasí á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. Ní Turin, ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bosio nìkan ló mọ̀ pé bí òun bá rán an lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ló máa gbé bọ̀.

Ó bá Bùsáyọ̀ ní àhámọ́, ojú rẹ̀ wú.

"Bùsáyọ̀, níbo lo wà nígbà tí ìkòkò fọ́?"

"Ilé ìdáná ni mo wà, àǹtí."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń fọ abọ́."

"Abọ́ wo? Abọ́ oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí ọlọ́pàá dé. Omi ò kàn án."

Bùsáyọ̀ wo ilẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

"A ó gbàdúrà. Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Àná ọjọ́ yẹn ni mo lọṣọ. Mo kàn gbé e síbẹ̀ kó tutù ni, mi ò wá rántí gbé e kúrò. Ẹ̀jẹ̀ Jésù, mi ò fọwọ́ kan ìkòkò yẹn!"

"Ṣé ilé ìdáná lo wà lóòótọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo wà."

Inú bí Ẹ̀rínọlá. Kò sí ohun tó ń dá a lágara bí ẹni tí èèyàn ń na ọwọ́ sí nínú kòtò, tí olúwa rẹ̀ tún ń gbẹ́ kòtò náà jìn sí i. Ó dìde láìdágbére.

Ó gba ilé màmá lọ. Àjà kẹta ni Signora Gallo ń gbé. Obìnrin kan wà ní àjà kejì tó ti jẹ́rìí fún ọlọ́pàá pé òun rí Bùsáyọ̀ tó ń sá lọ. Ẹ̀rínọlá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Mo gbọ́ gbàmù," ni obìnrin náà wí. "Mo ṣílẹ̀kùn. Mo rí i lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré."

"Ojú rẹ̀ lẹ rí ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ èémí rẹ̀?"

"Há! Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ."

Ẹ̀rínọlá bojú wo àtẹ̀gùn náà. Ẹni tó ń sá bọ̀ láti àjà kẹta, àtẹ̀gùn díẹ̀ péré ló máa sọ̀, kí ló máa sọ èémí rẹ̀ di ti ajá ọdẹ? Ẹni tó ti ìsàlẹ̀ pátápátá sáré gun òkè ló ń mí bẹ́ẹ̀. Bùsáyọ̀ ò sá lọ. Ìta ló ti ń bọ̀.

Ó padà sí àhámọ́, ó sì sọ ọ́ sí i lójú. Bùsáyọ̀ bú sẹ́kún.

"Àǹtí, mo lọ síbi cabina tẹlifóònù, mo lọ fóònù ilé. Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi ni ibà dá gúnlẹ̀ ní Ìwó, mi ò gbọ́ nǹkan kan látijẹ́ta. Mo ní kí n sáré lọ, kí n sáré bọ̀. Bí mo ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni mo gbọ́ gbàmù lókè."

"Kí ló dé tí o fi parọ́ fún mi?"

"Àdéhùn iṣẹ́ mi ni pé mi ò gbọdọ̀ fi màmá sílẹ̀ ní àwọn nìkan. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá lọ, wọn ò ní tún permesso, ìwé ìgbélùú mi, ṣe. Kí ni mo fẹ́ máa fi gbé ìlú yìí?"

Ẹ̀rínọlá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Maresciallo Rinaldi, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì ti dá ẹjọ́ náà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àtẹ̀gùn kì í jẹ́rìí, signora," ó ní. "Jẹ́ ká tilẹ̀ ní ìta ló wà. Ta wá ni ó fọ́ ìkòkò? Ìyá arúgbó nìkan ló wà nílé, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ìkòkò gbé ara rẹ̀ lu ilẹ̀ ni?"

"Kò lu ilẹ̀. Bí ó bá ṣubú ni, kò ní fọ́n dé ara aṣọ fèrèsé."

"Ẹ rí i pé ẹnì kan ló fi agbára lù ú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a bá ní kí ẹ túmọ̀ ni kí ẹ máa túmọ̀."

Ẹ̀rínọlá jáde. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò rí èsì fún ìbéèrè ọkùnrin náà. Ó ti rò ó pé bóyá ooru áyọ́ọ̀nù ló fọ́ gíláàsì náà, àmọ́ láti àná ọjọ́ náà ni áyọ́ọ̀nù ti tutù, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè kì í bọ iná nítòsí tábìlì ọ̀hún. Ó ti rò ó pé bóyá ọmọ ìta kan ju òkúta, ṣùgbọ́n fèrèsé ò fọ́. Gbogbo ọ̀nà tó tọ̀, ògiri ló ń bá nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Bosio lọ wo yàrá náà. Edoardo, ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọkùnrin tó múra dáadáa ni, ó sì ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"A mà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n bá wa fọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni!" ó ní. "Irú kí ni èyí?"

Ẹ̀rínọlá gbọn aṣọ fèrèsé. Àfọ́kù pẹlẹbẹ kan bọ́ sílẹ̀, tí ọlọ́pàá ò rí. Lẹ́yìn aṣọ náà, lórí pèpéle fèrèsé, ìdérí ìkòkò náà wà níbẹ̀ láìní àbùkù. Màmá kì í fi bo ìkòkò nítorí òdòdó tó máa ń kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rínọlá tẹ́ hańkáṣíìfù funfun rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé méjèèjì lé e.

Ó wò wọ́n, ó tún wọn wò. Àfọ́kù mọ́ gaara bí omi òjò. Ìdérí ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ nínú, àwọ̀ tí èèyàn ò lè rí àfi lórí nǹkan funfun.

"Ṣé mo lè yá ìdérí yìí?"

"Ẹ máa mú un lọ," ni Edoardo wí. "Kí ni ìdérí fẹ́ ṣe láìsí ìkòkò?"

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Ẹ̀rínọlá lọ́kàn ni pé ìdérí ọjọ́sí ti fọ́, pé wọ́n ra òmíràn tí kò bá ìkòkò mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kan ẹjọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Padua, níbi tí Ọ̀mọ̀wé Ọládipúpọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí gíláàsì ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, irun rẹ̀ ti funfun, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èwo ló dàgbà nínú méjì yìí?"

Ọ̀mọ̀wé gbé ìdérí sójú ìmọ́lẹ̀. "Èyí. Ó ti pẹ́ gan-an. Ṣé ẹ rí i, irin máa ń wà nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, irin yẹn ló ń fún un ní àwọ̀ ewé bíi ti ìgò ọtí. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á bu máńgáníìsì díẹ̀ sínú ìléru kí àwọ̀ ewé náà lè pa rẹ́. Ọṣẹ gíláàsì làwọn kan ń pè é. Àmọ́ bí oòrùn bá ń pa á fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ àlùkò."

"Ara rẹ̀ ni àwọ̀ yẹn wà, àbí inú?"

"Inú ni. Ẹ fi kànìnkànìn ha á, kò lè ṣí."

"Àfọ́kù yìí ńkọ́?"

"Oòrùn ò mọ̀ ọ́n. Òun àti ìdérí kì í ṣe ọmọ ìyá."

Ẹ̀rínọlá fà sẹ́yìn lórí àga. Ìdérí kọ́ ni àrọ́pò. Ìkòkò ni! Ohun tó fọ́ nílé Signora Gallo kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n jogún rárá. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì sọ bó ṣe fọ́.

"Sà, ǹjẹ́ gíláàsì lè dá fọ́ fúnra rẹ̀?"

"Bí wọ́n bá kánjú ṣe é. Tí gíláàsì bá ti inú iná jáde, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ tutù, á le, inú rẹ̀ á ṣì máa gbóná. Tí inú bá wá fẹ́ sún kì, ara ò ní gbà fún un. Ìjà ló dé yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sínú ààrò kejì kí ó tutù ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ààrò yẹn ṣáájú àkókò, á jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, títí ohun kékeré á fi ha á, tàbí tí oòrùn á kàn án lójijì."

"Á wá sán?"

"Á bú gbàù. Ẹ ó rò pé ìbọn ni."

Ẹ̀rínọlá fò dìde. "Ẹ bá mi wo ìjà náà nínú àfọ́kù yìí, sà!"

Ọ̀mọ̀wé mú awẹ́ ike dúdú méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe awò oòrùn. Ó fi ọ̀kan dábùú èkejì títí ìmọ́lẹ̀ ò fi lè gba àárín wọn kọjá mọ́. Ó ki àfọ́kù bọ àárín wọn. Ó dúdú. Ó yí i, ó tún dúdú.

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Àfọ́kù yìí ti fẹ́lẹ́ jù. Ìjà inú rẹ̀ ti tú nígbà tó fọ́. Ìdí ìkòkò lẹ máa wá, ibi tó ti nípọn."

Ìdí ìkòkò sì rèé, ọ̀dọ̀ Rinaldi ló wà. Ẹ̀rínọlá jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé e kúrò. Ọ̀mọ̀wé ti yá a ní awẹ́ ike méjèèjì. Ó dì wọ́n mú lórí itan títí dé Turin.

Ní caserma, àgọ́ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí Rinaldi gbà kó wọlé pẹ̀lú Bosio, kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ di àwọn àfọ́kù yẹn. Mi ò lè ṣí i nítorí ìtàn."

"Màmá ní òun gbọ́ ìbọn. Ẹ wá ọta, ẹ ò rí i, ẹ wá sọ pé arúgbó ń ṣèrànrán. Òótọ́ ló sọ. Bí mi ò bá fi ẹ̀tù ìbọn náà hàn yín báyìí lójú avvocato, mi ò ní tún tẹ ibí mọ́ láyé mi."

Rinaldi wo Bosio. Bosio mi orí. Maresciallo mí kanlẹ̀, ó já òǹtẹ̀, ó yọ ìdí ìkòkò náà, tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rínọlá kọ́kọ́ tò ó ti ìdérí lórí bébà funfun. Ọ̀kan ní àwọ̀ àlùkò, ìkejì ò ní. Ìyẹn ò tíì mi Rinaldi.

Ó lọ síbi fèrèsé, ó gbé awẹ́ dúdú méjèèjì sókè. Ó ki ìdérí sáàárín: ó ṣókùnkùn birimù, ìjà kankan ò sí níbẹ̀. Ó ki ìdí ìkòkò sí i.

Àwọ̀ tú jáde. Pupa, yẹ́lò, búlúù, wọ́n lọ́ mọ́ra bí epo mọ́tò lójú omi àgbàrá, wọ́n sì ṣù jọ síbi tí gíláàsì ti nípọn jù. Rinaldi gba awẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Kí nìyí?"

"Ìbọn tí màmá gbọ́. Wọ́n yọ ìkòkò yìí nínú ààrò kó tó tutù tán. Ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ ló ti ń wá ẹni tó máa fọ́ lé lórí. Kì í ṣe ìkòkò àjogúnbá, ayédèrú ni, maresciallo, ẹnì kan sì ti gbé gidi lọ."

"Ta ni?"

"Ta ló gbé e jáde nílé láti lọ fọ̀ ọ́?"

Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Edoardo jókòó síbi orí ìyá rẹ̀, ó ń bó èso píìṣì fún un. Rinaldi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rínọlá bẹ̀rẹ̀, ó kí màmá jẹ́jẹ́, ó sì yíjú sí ọmọ.

"Signor Edoardo, àwọ̀ wo ni ìkòkò ìyá yín?"

"Gíláàsì ni. Kò ní àwọ̀."

"Irọ́ ni," ni màmá wí láti inú ìrọ̀rí. "O ti gbàgbé ni? Ó ní àwọ̀ àlùkò, bí ẹni ta wáìnì kán sínú omi. Nígbà tí o wà ní kékeré, ojoojúmọ́ lo máa ń bi mí pé ta ló mu wáìnì inú rẹ̀."

"Ó ṣì ní àwọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó fọ́, màmá?" ni Ẹ̀rínọlá bi í.

"Ó tì. Mo lọ sí etíkun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ìgbà tí mo dé, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Edoardo ní ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ni, pé wọ́n ti ṣí i kúrò. Èmi fẹ́ràn ìdọ̀tí yẹn ní tèmi."

Ẹ̀rínọlá gbé ìdérí lé màmá lọ́wọ́ lórí aṣọ ibùsùn funfun. "Inú gíláàsì ni oòrùn kùn ún sí, màmá. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́."

Ìyá arúgbó wo ìdérí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tí Edoardo fi ń bó píìṣì ti dúró.

"Edoardo?"

Edoardo gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Ìyá náà tún pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i. Nígbà náà ni ọkùnrin náà gbé ojú mọ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Òwò rẹ̀ ti dojú dé. Ó ta ìkòkò gidi fún ẹnì kan ní Milan tó ti gbé e kọjá ààlà. Oníṣẹ́ gíláàsì kan lẹ́yìn odi Padua ló ṣe ayédèrú, ó sì kìlọ̀ fún un pé ó yẹ kó pẹ́ sí i nínú ààrò. "Ṣùgbọ́n ẹ ti ń bọ̀ wálé, mamma. Mo ní kó yọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀."

"O jẹ́ kí wọ́n ti obìnrin yẹn mọ́lé," ni màmá wí. Ó yíjú sí ògiri, omijé sì gba ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí Rinaldi ti mú Edoardo jáde, màmá ní kí Ẹ̀rínọlá sún mọ́ òun. "Níbo ni Bùsáyọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó lọ fóònù ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ní cabina tó wà lójú títì."

"Kí ló dé tí kò lo tẹlifóònù mi? Ẹ sọ fún un pé kó padà wá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tú Bùsáyọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rínọlá bá a ní àdúgbò Barriera di Milano ní Turin níbẹ̀, níbi tó ti ń di ẹrù, ó sì jíṣẹ́ fún un bí màmá ṣe rán an. Bùsáyọ̀ gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Tẹlifóònù wo, àǹtí? Èyí tí wọ́n fi àgádágodo dè lẹ́nu? Ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀ ni wọ́n ti fi dè é. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn."

Ẹ̀rínọlá jókòó sórí ẹrù tó ti dì. Gbogbo òógùn ojú rẹ̀ láti Turin dé Padua, kò rí ìkòkò gbà padà, kò rí iṣẹ́ gbà padà, ọmọ kan sì ti sọ ìyá rẹ̀ nù.

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Màá lọ kí wọn fúnra mi. Dókítà sọ pé Àyọ̀kẹ́ ti ń jẹun, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Reggio Emilia, ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Wọ́n jọ lọ. Ẹ̀rínọlá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó gbọ́ ohùn màmá tó ń bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́ ohùn Bùsáyọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Nígbà tó yẹ ilẹ̀kùn wò, Bùsáyọ̀ ti gbé ìyá arúgbó náà jókòó, ó ń fi kóòmù ya irun funfun rẹ̀, ó ń yẹra fún ojú ọgbẹ́. Ó yà á tán, ó tẹ́ ibùsùn rẹ̀ dáadáa, ó gbé omi sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde.